Mo Lọ Wọn Ọmọ Ọlọ́mọ ní Lomé

Láti ìgbà tí mo ti dé, ẹni tó bá pàdé mi ní Ìgbòho kì í béèrè alàáfíà mi mọ́. "Tíṣà, kí lẹ rí ní Lomé?" ni gbogbo wọn ń bi mí. Àwọn kan tilẹ̀ ń wo ọrùn ọwọ́ mi bóyá mo ra aago tuntun. N kò ra aago. Iṣẹ́ ni mo lọ ṣe, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí, nítorí àwọn tó ń sọ kiri pé wọ́n fi mí joyè níbẹ̀, irọ́ ni wọ́n ń pa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi gan-an ni mo kọ́kọ́ pa irọ́ náà fún wọn.

Ẹ mọ̀ mí. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ṣe ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì. Lẹ́yìn náà ni ọmọbìnrin mi kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi kọ̀ǹpútà ya ìlà. Ẹ ó kó máàkì àwọn ọmọ sínú rẹ̀, ẹ ó tẹ ibì kan, ìlà á sì yọ, á máa gòkè bí èéfín, tàbí kó máa sọ̀ kalẹ̀ bí omi òjò. Láti ọjọ́ náà ni orí mi ti wú. Ilé-ìwé tí kò tilẹ̀ bẹ̀ mí níṣẹ́, mo ń ya ìlà fún wọn. Òkìkí yìí ló dé etí Àlàájì Àkànbí, ọmọ ìlú wa tó ti ń ta ike àti abọ́ ní Lomé láti bí ogójì ọdún, tó sì dá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ ní àdúgbò Cacaveli. Ó ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá fi ìlà mi wo àwọn ọmọ òun: ṣé ìwé ni wọ́n ń mọ̀ sí i lọ́dọọdún, àbí wọ́n kàn ń ga lásán?

N kò ní fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àti ẹnubodè dá yín lágara. Ẹni tó ti rin ọ̀nà yẹn mọ̀ ọ́n. Ẹni tí kò rìn ín, kò ní gbà mí gbọ́.

Mo ná ìkíni

Ìrọ̀lẹ́ ni mo wọ Lomé. Òkun wà lápá òsì mi, ó ń bú ramúramù, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì ń ta iyọ̀ síni létè. Bí mo ṣe bọ́ sílẹ̀, ọlọ́kadà kan sáré sún mọ́ mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Woezon!"

Mo rò pé iye owó ló ń pè. Mo ní, "Ó ti pọ̀ jù."

Ó tún un sọ, ẹ̀rín rẹ̀ kò kúrò: "Woezon!"

Mo ní, "Mo ní ó pọ̀ jù! Ẹ sọ ọ́ wálẹ̀."

Obìnrin kan tó ń ta búrẹ́dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa bú sẹ́rìn-ín. Ó fi Yorùbá sọ fún mi pé, "Bàbá, ó ń kí yín káàbọ̀ ni. Ẹ dáhùn pé 'Yoo'."

Mo ti ń ná ìkíni láti ẹ̀ẹ̀kan. Mo dáhùn pé "Yoo" pẹ̀lú ìtìjú. Obìnrin náà wá bi mí pé, "Ànàgó ni yín, àbí?"

Mo ní rárá o, ọmọ Ìgbòho ni mí, ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́, níbi tí ọba ti sùn rí.

Ó ní, "Ẹ ṣeun. Ànàgó náà nìyẹn."

Bí wọ́n ṣe fi Ànàgó, orúkọ tí wọ́n ń pe gbogbo Yorùbá níbẹ̀, gba Ìgbòho, Ọ̀yọ́ àti ọba lọ́wọ́ mi nìyẹn kí n tó gun ọ̀kadà.

Nílé Àlàájì, wọ́n gbé àga fún mi, wọ́n gbé omi tutù, kò sì sí ẹni tó bi mí ní ọ̀rọ̀ kan títí mo fi mu omi náà tán. Ìwà yẹn wù mí púpọ̀. Níhìn-ín, àlejò kò ní tíì jókòó tí a ó fi bi í pé kí ló mú wá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé oúnjẹ wá: àkúmẹ̀, ìyẹn òkèlè àgbàdo wọn, àti ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ tí odidi akàn kan jókòó sí láàárín, ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi bí ẹni pé ó fẹ́ bọ̀ mí lọ́wọ́. Ará òkè ọ̀dàn ni mí. N kò mọ ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ akàn. Àlàájì gbé tirẹ̀, ó fi eyín fọ́ ọ kẹ́ẹ́, ó fà á mu. Èmi ń fi ọ̀wọ̀ yí tèmi po nínú abọ́.

Rìsíkátù, ọmọ Àlàájì, ni akọ̀wé ilé-ìwé náà. Inú Lomé ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ sì ń gba ojú Faransé kọjá kó tó dé etí ẹni. "Bọ́njúù, Bàbá, ẹ kú ìrìn. Sa fa?" Ó mú káàdì máàkì ọmọ rẹ̀ obìnrin wá fi hàn mí, kí n lè mọ bí tiwọn ṣe rí. Mo wò ó. Mẹ́tàlá ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Mẹ́tàlá! Mo wo ìyá ọmọ, mo wo bàbá àgbà, àánú wọn ṣe mí. Mo fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé, "Ẹ má jẹ́ kó dùn yín. Ọmọ mìíràn máa ń pẹ́ kó tó jí. Ọlọ́run á là á lójú."

Àlàájì fi akàn sílẹ̀.

Rìsíkátù ní, "Bàbá, mẹ́tàlá nínú ogún ni. Òun ló ṣe ipò kejì."

Níhìn-ín, nínú ọgọ́rùn-ún la ti ń ka máàkì; lọ́dọ̀ wọn, nínú ogún ni, ẹni tó bá sì gba mẹ́wàá ti yege. Ògbógi tí wọ́n ránṣẹ́ pè láti ilẹ̀ òkèèrè nìyẹn. Mo fi ojú sí abọ́ mi, mo sì gbé akàn náà jẹ tèèpo tèèpo.

Ògiri tó mọ̀wé

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, Rìsíkátù mú mi lọ sí ilé-ìwé. Bí a ṣe wọ kíláàsì kìíní, gbogbo ọmọ dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ká apá mọ́ àyà, wọ́n sì wò mí. Nílé tiwa, ọmọ tó bá ká apá níwájú àgbà, ìjà ló ń wá. Mo ti fẹ́ béèrè pé ta ló ṣẹ̀ wọ́n kí Rìsíkátù tó sọ fún mi pé ìkúnlẹ̀ tiwọn nìyẹn. Ni èmi náà bá ká apá mọ́ àyà láti dá wọn lóhùn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí olùkọ́ wọn fi gbá tábìlì. Wọ́n ní àgbà kì í ká apá fún ọmọdé.

Ọ̀gá ilé-ìwé náà, tí wọ́n ń pè ní dìrẹ́tọ̀, ni Mùsé Kòsí; Mùsé ni wọ́n ń pe Ọ̀gbẹ́ni. Ọmọ ẹ̀yà Ewé ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì mọ́ débi tí èèyàn ń bẹ̀rù láti mí sí i lára. Faransé ló ń sọ, Rìsíkátù ń túmọ̀. Ó béèrè ìyàwó mi, ó béèrè àwọn ọmọ mi, ó béèrè bí mo ṣe sùn, ó sì dúró gbọ́ ìdáhùn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Lẹ́yìn tábìlì rẹ̀, wọ́n fi ọ̀dà pupa ya ìlà kan sára ògiri. Ìlà náà bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ àga, ó gba ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kọjá, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà. Wọ́n ní ìlọsíwájú àwọn ọmọ nìyẹn, láti ọdún tí wọ́n dá ilé-ìwé sílẹ̀ títí di òní.

Mo béèrè pé, "Ta ló ṣírò rẹ̀?"

Rìsíkátù túmọ̀ ìbéèrè náà. Dìrẹ́tọ̀ ronú díẹ̀. "Akunlé ni."

Lọ́dọọdún, akunlé kan ń gbé búrọ́ọ̀ṣì wá, á béèrè pé ṣé kí òun fi ìbú ìka mẹ́ta kún un ni àbí mẹ́rin. Wọ́n á dáhùn, á kùn ún, á gba owó iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Mo ní, "Ìdánwò àwọn ọmọ ńkọ́?"

Dìrẹ́tọ̀ fi sùúrù ṣàlàyé fún mi, bí ẹni ń bá àjèjì sọ̀rọ̀, pé ìdánwò máa ń wáyé lẹ́yìn tí ọ̀dà bá ti gbẹ.

Ọ̀rọ̀ Faransé kan wà tó ń yí kiri ẹnu gbogbo wọn: pọrọgírẹ̀, ìyẹn ìlọsíwájú. Àlàájì kò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n ó mọ ọ̀rọ̀ yìí ju orúkọ rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ náà ló sọ ohun tó ń dà á láàmú fún mi. Ilé-ìwé mìíràn ti ṣí ní òdìkejì títì, wọ́n sì lẹ ìlà tiwọn mọ́ ẹnu ọ̀nà, ìlà kọ̀ǹpútà, aláwọ̀ mẹ́ta.

Ó ní, "Tíṣà, Sátidé ni ìpàdé àwọn òbí. Kí o ya tèmi ju tiwọn lọ. Pọrọgírẹ̀ ni kí o fi hàn wọ́n."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí kò bá sí ńkọ́?"

"Kí ni kò sí?"

"Pọrọgírẹ̀."

Ó wò mí títí. "Ṣé o ti jẹun?" ló fi dá mi lóhùn.

Nọ́ńbà kì í parọ́

Bí aago méjìlá bá ti lù ní Lomé, ilé-ìwé dákẹ́. Olùkọ́ àti ọmọ á gba ilé lọ, wọ́n á jẹun, wọ́n á fi ẹ̀yìn lélẹ̀, wọn ò sì ní padà títí di aago mẹ́ta. Ọjọ́ kìíní, mo rò pé nǹkan ló ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ kejì, mo pè é ní ọ̀lẹ. Ọjọ́ kẹta, nígbà tí oòrùn ti sè mí jinná lórí kọ̀ǹpútà, mo rí i pé èmi nìkan ni wèrè tó jókòó.

Bẹ́ẹ̀ náà ni mo kó máàkì gbogbo ilé-ìwé jọ. Kíláàsì kẹta ni ọ̀rọ̀ wà. Méjì ni wọ́n: ọ̀kan lọ́wọ́ Mùsé Bàṣírù, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí àwọn òbí rẹ̀ ti Nàìjíríà wá, èkejì lọ́wọ́ obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Madámù Afí. Ìlà Bàṣírù ń fò sókè bí ẹyẹ láti támù kìíní sí ìkejì. Ti Madámù Afí ń wọlẹ̀ bí ẹni pé ó ń wá nǹkan tó sọnù.

Nígbà oúnjẹ, mo sọ ọ́ fún Àlàájì àti Dìrẹ́tọ̀. Inú Dìrẹ́tọ̀ dùn. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń fura sí obìnrin náà, ìwé tí wọ́n yóò fi dá a dúró ni òun kò tíì rí ìdí láti kọ. Ó wá bọ̀ mí lọ́wọ́.

Èmi náà wú bí búrẹ́dì inú ààrò. Mo ní, "Nọ́ńbà kì í parọ́."

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ fún yín: nígbà tí mo ń sọ ọ́, n kò tíì rí obìnrin náà sójú rí.

Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀

Ní ọjọ́ kejì, mo ní kí n lọ wo bí ọ̀lẹ ṣe ń kọ́ni. Mo jókòó sẹ́yìn kíláàsì rẹ̀. Obìnrin kúkúrú ni, ó tó ọmọ àádọ́ta ọdún, ohùn rẹ̀ kò sì pariwo. Ó gbé garawa sókè. Ọmọ kan sọ orúkọ rẹ̀ ní Mina, èdè àwọn ará Lomé, òmíràn ní Haúsá, òmíràn ní Yorùbá. Lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn pè é ní Faransé, wọ́n sì kọ ọ́ sórí síléètì. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe pẹ̀lú ìgbálẹ̀, pẹ̀lú ṣíbí, pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ mi.

Lẹ́yìn náà ló pe ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Àbẹ̀ní pé kó dìde kàwé. Ọmọ náà di ìwé mú bí ẹni di ẹrù mú. Ó ka ọ̀rọ̀ kan, ó mí. Ó ka òmíràn. N kò gbọ́ Faransé, ṣùgbọ́n mo gbọ́ bí gbogbo kíláàsì ṣe dákẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó dé òpin gbólóhùn náà, ó jókòó, ó nu àágùn ojú rẹ̀. Àwọn tó wà nítòsí rẹ̀ ń gbá a lẹ́yìn.

Nígbà tí ọ̀sán pọ́n tí àwọn ọmọ lọ, mo sún mọ́ olùkọ́ wọn. Àṣé ó gbọ́ Yorùbá. Ọmọ Ablogamé, àdúgbò kan ní Lomé, ni, ìyá Yorùbá kan tó bá ìyá rẹ̀ pín ọgbà ló kọ́ ọ láti kékeré.

Mo béèrè pé, "Mélòó ni ọmọ yẹn gbà?"

"Mẹ́jọ."

"Nínú ogún? Ó kùnà nìyẹn."

Kò bínú. Ó ń nu pátákó lọ. "Bàbá, ẹ bi mí ní ibi tó ti bẹ̀rẹ̀."

Mo bi í.

"Méjì ni. Ìtàkété ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ni wọ́n ti mú un wá. Kò gbọ́ Faransé, kò gbọ́ Mina, Nàgó, Yorùbá ìlú rẹ̀, nìkan ló gbọ́. Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ń sunkún síbi tí ẹ jókòó sí yẹn." Ó fi aṣọ ìnupátákó sílẹ̀, ó kọjú sí mi. "Ọmọ mélòó lẹ kà ní kíláàsì mi?"

"Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n."

"Nígbà tí ọdún bẹ̀rẹ̀, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n. Ẹ lọ wá àwọn méje yòókù nínú ìwé Bàṣírù."

Mo padà sídìí kọ̀ǹpútà. Lóòótọ́, orúkọ méje wà nínú ìwé Bàṣírù ní támù kìíní, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó gba mẹ́wàá. Ní támù kejì, wọ́n pòórá níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ Madámù Afí ni wọ́n ti yọjú. Dìrẹ́tọ̀ ló kó wọn. Ọmọ tí kò bá ti mọ̀wé lọ́dọ̀ Bàṣírù, wọ́n á tì í sọ́dọ̀ obìnrin náà. Ohun tó gbé ìlà Bàṣírù fò nìyẹn, òun náà ló sì tẹ ìlà Afí mọ́lẹ̀.

Mo wá ṣe ohun tó yẹ kí n ti ṣe láti ọjọ́ kìíní. Mo fi kíláàsì sílẹ̀, mo tẹ̀lé ọmọ kọ̀ọ̀kan láti ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ dé ibi tó dé. Kò sí ibì kankan nínú ilé-ìwé náà tí ọmọ ti dàgbà tó ti ọ̀dọ̀ Afí. Àwọn méje tí wọ́n lé dà sí i lọ́rùn pàápàá ti gbéra nílẹ̀. Lọ́dọ̀ Bàṣírù, ọ̀pọ̀ wọn wà lójú kan náà. Ọmọ Rìsíkátù wà lára wọn: mẹ́tàlá ló bá wọlé, mẹ́tàlá náà ló ṣì gbé lọ́wọ́.

Àwọ̀ mẹ́rin

Ẹ̀yin á rò pé mo dìde lójú ẹsẹ̀ lọ sọ òótọ́. Rárá o. Oúnjẹ Àlàájì ni mò ń jẹ, orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ni mo sì ń sùn. Mo mọ ohun tí èèyàn lè fi kọ̀ǹpútà ṣe. Bí ẹ bá fa àwòrán náà gùn sókè, òkìtì á di òkè ńlá. Mo fà á. Mo jẹ́ kí ìlà gbogbo kíláàsì máa gòkè, àti ti Bàṣírù, àti ti Afí, mo sì kùn wọ́n ní àwọ̀ mẹ́rin, kó lè ju ti òdìkejì títì lọ. Mo sọ fún ara mi pé kò sí ẹni tí yóò jìyà níbẹ̀. Nígbà tí Àlàájì rí i, ó pè mí ní Pùròfẹ́sọ̀. Ó ní kí wọ́n fi akàn méjì sí abọ́ mi.

Ọjọ́ Jímọ̀, Rìsíkátù gbé ìwé kan wá fún mi kí n bá òun wo bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ mi. Ìwé ìdádúró Madámù Afí ni, tí Dìrẹ́tọ̀ fi ọwọ́ kọ pé kó fi ẹ̀rọ tẹ̀. Ó túmọ̀ rẹ̀ fún mi ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní a dá a dúró nítorí pé ìwádìí ògbógi láti Nàìjíríà ti fi hàn pé kò lè kọ́ ọmọ. Èmi ni ògbógi. Orúkọ mi ló wà níbẹ̀, àti ti bàbá mi tó ti kú.

Nígbà tí Àlàájì ti mọ́sáláṣí dé, mo jókòó síwájú rẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìlà tí mo yà fún yín, mo fi tàn yín jẹ ni. Ọ̀rọ̀ tí mo sì sọ nípa obìnrin yẹn nígbà oúnjẹ, àìmọ̀kan ni." Mo wá ro gbogbo rẹ̀ fún un.

Ojú rẹ̀ le. "O jẹ oúnjẹ mi fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko kí o tó sọ pé àwọn ọmọ mi kò dàgbà?"

"N kò sọ pé wọn kò dàgbà. Ibi tí wọ́n ti ń dàgbà lẹ fẹ́ lé kúrò."

"Kí ni mo máa wí fún àwọn òbí lọ́la? Ilé-ìwé òdìkejì ńkọ́?"

Rìsíkátù ló sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà, ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Bàbá, ọmọ tèmi ńkọ́? Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, mẹ́tàlá náà ni?"

Mo ní, "Mẹ́tàlá náà ni, ọmọ mi."

"Mo ti ń fi káàdì yẹn hàn gbogbo ọjà." Ó ká ìwé náà sí méjì. "Èmi ò ní tẹ̀ ẹ́. Kí Dìrẹ́tọ̀ wá tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀."

Dìrẹ́tọ̀ kò mọ ìwé tẹ̀.

Ìpàdé

Ní Sátidé, àwọn òbí kún gbọ̀ngàn. Àwọn kan wọ ṣẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì, àwọn kan ti ọjà wá tàwọn tẹrù. Ìlà aláwọ̀ mẹ́rin náà wà nínú kọ̀ǹpútà mi. N kò ṣí i. Mo ka máàkì àwọn ọmọ kíláàsì kẹta láìdárúkọ: ọmọ kan, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, ibi tó dé, ọmọ mìíràn, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, ibi tó dé. Rìsíkátù ń túmọ̀ sí Faransé, ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n àfi ìgbà tó kan tirẹ̀.

Bàbá kan nawọ́ sókè. Ó ní ọ̀rọ̀ mi dára, ṣùgbọ́n ta ló ṣe ipò kìíní? Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Òmíràn ní ṣé ilé-ìwé òdìkejì náà máa ń ka ibi tí ọmọ ti bẹ̀rẹ̀? Mo rí i pé wọ́n fẹ́ gbé mi jù sẹ́yìn.

Nígbà náà ni obìnrin kan dìde lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, ó gbé ọmọ pọ̀n. Nàgó ló sọ, Nàgó Ìtàkété, ó sì rọra ń yan ọ̀rọ̀ rẹ̀. "Èyí tí ẹ ní ó ti ibi méjì dé mẹ́jọ, mo rò pé ọmọ mi ni. Lẹ́tà tí wọ́n kọ sí mi láti ọ́fíìsì ìjọba, òun ló kà á fún mi. Kò ṣe ipò kìíní. Ṣùgbọ́n ó kà á." Ó jókòó.

Dìrẹ́tọ̀, ẹni tí ìwà rẹ̀ kò jẹ́ kí àyè ṣófo, dìde pẹ̀lú ẹ̀rín. Ó ní ohun ìyanu ni! Ó ní níwọ̀n ìgbà tí Madámù Afí ti ní irú ẹ̀bùn yìí, láti òní lọ, gbogbo ọmọ tí kò mọ̀wé ní gbogbo ilé-ìwé náà, kíláàsì Afí ni kí wọ́n kó wọn sí, a ó sì fún un ní ìwé ẹ̀rí tó ní fọ́tò rẹ̀ nínú. Wọ́n pàtẹ́wọ́ kíkan-kíkan. Àlàájì náà ti ń mi orí.

Madámù Afí dìde. Yorùbá ló kọ́kọ́ sọ, ó kọjú sí Àlàájì. "Bàbá, mi ò fẹ́ fọ́tò. Mùsé Bàṣírù ni kó gba àwọn ọmọ rẹ̀ méje padà, kó kọ́ wọn."

Ojú gbogbo ènìyàn yí sí Bàṣírù. Mo rò pé á jà. Ó wo ilẹ̀, ó ní, "Kì í ṣe ìkà ni mo fi jẹ́ kí wọ́n kó wọn lọ. Ọmọ tó ti gbọ́ Faransé nìkan ni mo mọ̀ ọ́n kọ́. Wọn ò kọ́ mi ní èkejì."

Àlàájì wo ọmọ rẹ̀ Rìsíkátù, ó wo àwọn òbí, ó sì mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Kó gbà wọ́n padà. Bí ìlà bá wálẹ̀, kó wálẹ̀."

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, mo dúró sábẹ́ igi nígbà tí àwọn ọmọ méje náà la àárín ọgbà kọjá, síléètì lórí, lọ sí kíláàsì tí wọ́n ti lé wọn. Bàṣírù dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan bí àlejò. Nígbà tí aago méjìlá lù tí gbogbo Cacaveli lọ sùn, ó kọjá sí kíláàsì Afí pẹ̀lú ìwé àti kálámù. Mo gbọ́ tí obìnrin náà ń bi í pé, "Garawa, báwo lo ṣe máa pè é ní èdè tí ọmọ náà mọ̀?"

Ní ti Dìrẹ́tọ̀, ó sìn mí dé ibi ọkọ̀, Rìsíkátù sì ń túmọ̀ fún wa, ó ní kí n kí ìyàwó mi. Láàárín ẹ̀rín, ó bi mí pé, "Mùsé, ilé-ìwé tí ẹ̀yin fúnra yín ṣe ọ̀gá rẹ̀, ibo ni àwọn tí kò mọ̀wé ń lọ?"

Mo ní ariwo ọkọ̀ kò jẹ́ kí n gbọ́.

Nílé

Mo gbọ́ o. Ẹ̀yin náà mọ ìdáhùn rẹ̀. Fún ọdún mọ́kàndínlógún, ilé-ìwé wa ló ń ṣe ipò kìíní ní gbogbo agbègbè, ẹ sì ń pàtẹ́wọ́ fún mi. Ọmọ tí kò bá tó márùndínláàádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún kí ìdánwò àṣejáde tó dé, mo ń ní kó lọ wá ilé-ìwé mìíràn. Kò sí ẹni tó bi mí ní ibi tí wọ́n lọ.

Ọ̀kan nínú wọn wà ní ìtòsí wa níbí, Sádíátù aránṣọ. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo dé, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó dìde kí mi, ó kúnlẹ̀, ó nu àga fún mi. Mo jókòó. Mo ní, "Sádíátù, ṣé o rántí ọdún tí o fi ilé-ìwé wa sílẹ̀?"

Ó ní, "Ogójì ni mo gbà, sà. Ẹ ní márùndínláàádọ́ta lẹ fẹ́."

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Bí ẹni ń sọ ìwọ̀n èjìká oníbàárà ló ṣe sọ ọ́. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kò tọ́ kí n máa bẹ òun, ọjọ́ ti pẹ́. Ó gbé aṣọ tó ń rán, ó tún gbé e sílẹ̀.

"Sà, ọmọ mi obìnrin ti wà ní kíláàsì kẹta, kò tíì lè kàwé. Bí ẹ bá ráyè nírọ̀lẹ́."

Mo ráyè. Ó ti di oṣù méjì báyìí. A máa ń jókòó sẹ́yìn ẹ̀rọ, èmi àti ọmọ náà, pẹ̀lú síléètì kan. Bọ́tìnnì ni a kọ́kọ́ kọ, a kọ abẹ́rẹ́, a kọ okùn. Lánàá, ó ṣí ìwé sí ojú ewé kan tí n kò yàn fún un, ó fi ìka sí i, ó sì kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Ìyá rẹ̀ dá ẹ̀rọ dúró. Ó ní, "Tún un kà."

Ó tún un kà.